Ohùn Yorùbá Lábẹ́ Ìka Afọ́jú àti Lójú Adití

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òwe yìí kò fi arọ ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e lè fi ọgbọ́n àti ìmúrasílẹ̀ bọ́ nínú ewu tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì fi eré sísá bọ́ níbẹ̀, bí ìròyìn bá tètè kàn án. Bí a bá tú òwe náà wò dáadáa, a ó rí i pé arọ yìí kò là nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ san. Ó là nítorí pé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò, ó sì yé e. Nígbà náà, kí ni yóò ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ kò lè gba ojú tàbí etí wọlé sí lára? Bí a bá sì wá ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà wá dé ní ààbọ̀, tí ó fi ohun tí ó mú un jẹ́ Yorùbá sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ǹjẹ́ a lè sọ pé a ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wa?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí ilé rárá ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Òṣòdì lọ sí ìhà Àpápá yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ládìpọ̀ ní Muṣin, níbi tí ọjà ńlá àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò wà. Ní Òṣòdì, níhà àríwá Ládìpọ̀, ni ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú wà, èyí tí ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ti ń bójú tó láti àwọn ọdún 1950 wá. Ní Sùúrùlérè, níhà gúúsù, ni ilé-ìwé Wesley fún àwọn adití wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ibẹ̀ náà ni ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú wà, tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1962.

Ọjà Ládìpọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ojúlówó, ó sì lè pẹ́ lára ọkọ̀. Síbẹ̀ mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ dédé gbé e bọ inú ọkọ̀ tí a kò ṣe é fún. Yóò kọ́kọ́ wò ó bí ihò bá bá ihò mu, bí eyín bá bá eyín ṣe déédéé. Àwọn ohun èlò tí à ń lò láti bá afọ́jú àti adití sọ̀rọ̀, tòkunbọ̀ ni àwọn náà. Ilẹ̀ Faransé ni ìwé Braille ti wá. Amẹ́ríkà ni èdè ọwọ́ tí àwọn adití wa ń kọ́ ní ilé-ìwé ti wá. Láti òkè òkun ni ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú ti wá. Ojúlówó ni gbogbo wọn, ayé sì ti dùn sí i fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nípasẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn èdè tí a kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún kì í ṣe èdè olóhùn. Yorùbá, èdè olóhùn ni. Ibẹ̀ ni eyín kò ti bá eyín mu, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ohùn, Ìlù àti Àrokò

Nǹkan méjì ni ó máa ń jáde pọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó bá ń sọ Yorùbá. Èkíní ni àwọn ìró tí ahọ́n, ètè àti eyín ń ṣe, àwọn tí à ń fi lẹ́tà kọ sílẹ̀. Èkejì ni ohùn, èyí tí tán-án-ná inú ọ̀fun ń gbé sókè, tí ó ń fà sílẹ̀, tàbí tí ó ń fi sí agbedeméjì. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ aya. Ọkọ́ ni a fi ń roko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ rìnrìn-àjò. Ọ̀kọ̀ ni a fi ń jagun. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ rárá. Ohùn nìkan ni ó là wọ́n láàárín.

Àwọn onílù wa ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó ń lu dùndún fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sílẹ̀, ó mú ohùn nìkan dání, síbẹ̀ ẹni tí ó ń kì gbọ́ oríkì rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀rí ńlá ni èyí pé ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára èdè wa. Òpó ilé ni. Ṣùgbọ́n onílù mọ̀ pẹ̀lú pé apá kan ọ̀rọ̀ ni òun mú dání. Ìdí nìyí tí ó fi ń lo oríkì àti òwe tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó ń mú ọ̀rọ̀ gùn, kí olùgbọ́ má bàa ṣì í gbọ́. Ó mọ ohun tí ó sọnù, ó sì wá nǹkan dí i.

A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àrokò. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàárín wa ni àwọn baba wa ti ń fi ohun tí ọwọ́ lè bà ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà àti fà dún pọ̀. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn, nítorí pé ẹ̀jọ àti jọ dún pọ̀. Afọ́jú lè ka irú àrokò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìka ni a fi ń ka iye owó ẹyọ. Adití tí ó bá mọ àṣà náà lè kà á, nítorí pé ojú ń rí i. Ohun kan tí ó yẹ kí á dì mú níhìn-ín ni pé láti inú èdè Yorùbá ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀fà jọ fà yóò rí owó ẹyọ, kò ní í rí ọ̀rọ̀.

Kókó Mẹ́fà Abẹ́ Ìka

Ní ọdún 1809 ni a bí Louis Braille ní Coupvray, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀, gàárì ẹṣin ni ó ń ṣe. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń fi ohun èlò baba rẹ̀ ṣeré, ohun èlò náà sì gún un lójú kan. Ọgbẹ́ náà ran ojú kejì, ó sì fọ́ pátápátá. Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ afọ́jú ní Paris. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ nípa ọgbọ́n kan tí Charles Barbier dá, èyí tí ó ń fi kókó 12 tí ó yọ lára pépà ṣe ìwé tí ènìyàn lè kà nínú òkùnkùn. Kókó 12 pọ̀ jù fún orí ìka kan. Braille dín wọn kù sí mẹ́fà, ó tò wọ́n ní ìlà méjì, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó parí iṣẹ́ náà ní 1824. Ní 1829 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kò ní í ṣòro fún ẹni tí ó ti rí ọpọ́n Ifá láti mọ bí ọgbọ́n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí ọpọ́n, ipò mẹ́rin ni ẹsẹ̀ odù kan ní. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ méjì. Ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 16, tí wọ́n sì fi di 256 nígbà tí ẹsẹ̀ méjì bá pàdé. Nínú ìwé Braille, ipò mẹ́fà ni ilé kọ̀ọ̀kan ní. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, kókó lè yọ, ó sì lè ṣàì yọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bí ti odù, yóò fún wa ní 64. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé òfìfo tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. 63 ni ó kù tí a lè fi kọ ohun gbogbo tí à ń fẹ́.

Nígbà tí àjọ UNESCO tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí bí àwọn èdè ayé ṣe ń lo Braille, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí lẹ́tà tí ó bá dún bákan náà ní èdè kan àti èkejì ní kókó kan náà. Ọ̀nà tí Yorùbá gbà nìyẹn: àwọn lẹ́tà tí èdè wa àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ní jẹ́ bákan náà, a sì wá ilé ọ̀tọ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ. Títí dé ibẹ̀, kò sí ìjà, kò sí ìta. Orí àmì ohùn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé tí ojú ń kà, orí lẹ́tà ni àmì ohùn ń jókòó sí; kò gba àyè kankan lórí ìlà. Lábẹ́ ìka, nǹkan kan kì í gun orí nǹkan kan. Ohun tí a bá fẹ́ kí ìka mọ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní owó orí tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí á fún àmì ohùn ní ilé ọ̀tọ̀ nítòsí fáwẹ̀lì rẹ̀. Orúkọ bí Adébáyọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà méje, ní àmì ohùn mẹ́ta. Yóò di ilé mẹ́wàá. Ohun tí ojú kà ní ìlà méje, ìka yóò kà á ní bí ìlà mẹ́wàá. Ìwé Braille sì tóbi, ó wúwo, pépà rẹ̀ nípọn. Gbogbo ilé tí a bá fi kún un ń pọ̀ sí ẹrù ọmọ ilé-ìwé.

Ọ̀nà kejì ni pé kí á fún fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ilé mẹ́ta, ọ̀kan fún ohùn òkè, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Fáwẹ̀lì wa tí kì í ṣe àránmúpè jẹ́ méje. Ní ìgbà mẹ́ta, wọ́n di 21. Kọ́ńsónáǹtì wa jẹ́ 18. Bí a bá fi g àti b kọ gb, ilé 17 tó wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 38, ó sì ku 25 fún àmì ìdánudúró, fún n àti m tí ó ń dá gba ohùn, àti fún àwọn ohun mìíràn. Àyè gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń ka Yorùbá ní Sùúrùlérè ń ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, Nàìjíríà sì ti gba ìlànà Braille Gẹ̀ẹ́sì tí a mú ṣọ̀kan ní 2005. Àwọn ilé tí a bá fún fáwẹ̀lì olóhùn ti ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ọmọ náà yóò ní láti máa pààrọ̀ ọgbọ́n orí ìka rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti èdè kan bọ́ sí èkejì.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì burú jù: kí á fi àmì ohùn sílẹ̀ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe nínú lẹ́tà àti ìwé ìròyìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ríran lè sọ pé kò séwu, nítorí pé òun a máa mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ó jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n? Ojú rẹ̀ ń gbá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó pe ọkọ̀, ó ti rí awakọ̀ níwájú. Ìka kò ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀. Ilé kan lẹ́yìn òmíràn ni ó ń bà; ohun tí ó wà níwájú pamọ́ fún un títí yóò fi dé ibẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, tí ó rí i pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ́, yóò padà sẹ́yìn lọ tún ọ̀rọ̀ kà. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀lẹ díẹ̀ fún ẹni tí ó kọ̀wé ti di iṣẹ́ ìlọ́po méjì fún ẹni tí ó ń fi ìka kà á.

Ẹ̀rọ Tí Ń Kàwé Sókè

Fún ìgbà pípẹ́, irin ìgúnwé àti pátákó tí a ń to pépà mọ́ ni afọ́jú fi ń kọ̀wé, tí ó ń gún un láti ọ̀tún wá sí òsì kí kókó lè yọ ní òdìkejì. Ẹ̀rọ Perkins, tí ó jáde ní 1951, mú kí ó rọrùn, nítorí pé bọ́tìnnì mẹ́fà rẹ̀ ń tẹ gbogbo kókó ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí ayé afọ́jú padà jù lọ ní ìgbà tiwa ni kọ̀ǹpútà tí ń sọ̀rọ̀. JAWS jáde ní 1989. NVDA, tí a kì í fi owó rà, bẹ̀rẹ̀ ní 2006 láti ọwọ́ àwọn afọ́jú ará Ọsirélíà. Láti 2009 ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú fóònù alágbèéká. Afọ́jú tí ó bá ní fóònù báyìí lè fi ìka ra ojú rẹ̀, kí fóònù máa sọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ fún un, kí ó ka lẹ́tà rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́ àṣírí rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ yìí bá ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá, ohun tí ó ń ṣe ni òdìkejì iṣẹ́ onílù. Dùndún mú ohùn, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Ẹ̀rọ mú lẹ́tà, ó fi ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n onílù mọ ohun tí ó sọnù, ó sì fi oríkì dí i. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Yóò pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bákan náà, kò sì ní í fún olùgbọ́ ní àmì kankan pé òun ń ṣìnà.

Ìṣòro kan tún fara pamọ́ sábẹ́ èyí. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ètò Unicode ti là á sílẹ̀. Á ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ sì ní tirẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà àdáni. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń so pọ̀ láti fi ṣe wọ́n. Bákan náà, ẹnìkan ń fi kókó sí abẹ́ lẹ́tà, ẹlòmíràn ń fi igi kékeré sí i. Lójú ènìyàn, ohun kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Ẹ̀rọ tí ó mọ ọ̀kan lè fò èkejì, ó sì lè máa dárúkọ àmì náà ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni pé òkúta wà nínú ìrẹsì.

Àwọn ọmọ wa kò káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbé ohùn Yorùbá sókè sódò bí ó ti yẹ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, ti ṣe agbátẹrù ètò kan tí ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ohùn ẹ̀rọ jáde fún èdè tí ó lé ní 1,000, Yorùbá sì wà nínú wọn. Inú ẹni dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa jù lọ kò lè pe ohùn tí a kò kọ. Bí a bá tẹ “o ra oko” láìsí àmì, ṣé ọkọ̀ ni ó rà ní Ládìpọ̀ ni, àbí ọkọ́ ni, àbí oko ni? Ẹ̀rọ yóò méfò. Afọ́jú tí ó ń gbọ́ ọ kò ní í mọ̀ pé ó méfò; yóò gbà á bí òtítọ́.

Ètè, Etí àti Ọwọ́

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ohùn kò kan adití. Ó kàn án, ó sì kàn án ju bí a ti rò lọ.

Lẹ́yìn ìpàdé tí àwọn olùkọ́ adití ṣe ní Milan ní 1880, èrò tí ó gbilẹ̀ ní ayé fún ìgbà pípẹ́ ni pé kí adití máa wo ètè olùsọ̀rọ̀, kí ó sì kọ́ láti fi ẹnu fèsì. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí èyí yóò ti rí ní Yorùbá. B, gb, m àti p: ètè ń pàdé fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá fi a tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì fún un ní ohùn mẹ́ta, sílébù 12 ni a ní: ba, bá, bà, gba, gbá, gbà, ma, má, mà, pa, pá, pà. Lójú ẹni tí ó ń wo ètè, méjìlá náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, nítorí pé inú ọ̀fun ni ohùn ti ń wá, ètè kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohùn ọ̀rọ̀ kò sí lójú.

Ti ẹni tí etí rẹ̀ kò dí tán tún yàtọ̀. Ariwo tí ó bá ju decibel 85 lọ, tí ènìyàn bá ń wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́, a máa jẹ etí run díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi òòlù na ara mọ́tò tí ó ti kán wọlé, tàbí tí ó ń lọ irin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, wà nínú ewu yìí bí kò bá fi nǹkan dí etí. Àwọn ìró tíntín-ín-rín bí s, ṣ, f àti t ni irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń mú lọ. Ohùn, tí ó nípọn ju wọ́n lọ, a máa pẹ́ kí ó tó lọ. Ìdí abájọ nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń sọ pé òun ń gbọ́ ohùn ènìyàn ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ohun tí ó ń dé etí rẹ̀ jọ ohun tí dùndún ń sọ. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí à ń fi sétí lè ràn án lọ́wọ́, ohùn èdè rẹ̀ sì tún jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ yóò sì ṣe dáadáa bí ó bá ṣe bí onílù, tí ó sọ gbólóhùn tí ó gùn tí ó sì ṣe kedere, dípò kí ó máa pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kan tún wà tí oníṣẹ́ abẹ ń rì sínú etí ẹni tí kò gbọ́ràn rárá. Òun a máa dá kọ́ńsónáǹtì padà fún un, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn gbé kalẹ̀ dáadáa. Ìwádìí láàárín àwọn tí ń sọ èdè Ṣáínà, tí òun náà jẹ́ olóhùn, ti fi èyí hàn. Ohun tí ó tó fún ará Lọ́ńdọ̀nù lè má tó fún ará Muṣin.

Èdè ọwọ́ nìkan ni ó bọ́ pátápátá nínú wàhálà ohùn. Ní 1960 ni William Stokoe fi hàn ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Amẹ́ríkà, pé èdè ọwọ́ kì í ṣe àwàdà tàbí ìfọwọ́júwe lásán. Èdè ni, ó ní gírámà tirẹ̀. Bí a ti ń fi kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì àti ohùn kọ́ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni adití ń fi ìrísí ọwọ́, ibi tí ọwọ́ wà àti bí ọwọ́ ṣe ń rìn kọ́ tirẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Andrew Foster dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni. Àìsàn ni ó di etí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, ó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ní 1954. Akra ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1957. Nígbà tí ó fi máa kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rùwáńdà ní 1987, ó ti dá ilé-ìwé tí ó lé ní 30 sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Nípasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ṣe di ìpìlẹ̀ èyí tí àwọn adití Nàìjíríà ń lò lónìí. Oore ńlá ni, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ tì.

Síbẹ̀ òun pẹ̀lú ń fẹ́ kí á tún eyín rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà ọwọ́ Amẹ́ríkà jẹ́ 26. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀, kò sì sí àmì ohùn. Ọmọ tí ó ń jẹ́ Ṣọlá yóò fi ọwọ́ pe ara rẹ̀ ní Sola. Ohun kan tún wà: àwa kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọ̀mọ̀wé Ọláníkẹ̀ẹ́ Ọlá Orie kọ̀wé ní 2009 lórí bí Yorùbá ṣe ń júwe nǹkan, ó sì fi hàn pé èèwọ̀ ọwọ́ òsì àti ìlànà ìbọ̀wọ̀-fágbà wà nínú rẹ̀. Èdè ọwọ́ tí a bá fẹ́ kí ọmọ Yorùbá fi bá ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ irú nǹkan báwọ̀nyí. Ní Kánò, àwọn adití Haúsá ní èdè ọwọ́ tiwọn tí kò ti ilé-ìwé wá. Maganar Hannu ni orúkọ rẹ̀, Constanze Schmaling sì kọ odidi ìwé lé e lórí ní 2000. Àwọn adití ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ní àwọn àmì tí wọ́n ń lò nílé, ní oko àti ní ọjà, kí wọ́n tó fojú kan ilé-ìwé. Bí a kò bá kọ wọ́n sílẹ̀, àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n yóò kó wọn lọ.

Iṣẹ́ Tí Ó Kù

Òfin kò ṣẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2019. Àdéhùn Marrakesh ti 2013, tí Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017, sì là á sílẹ̀ pé kí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé má ṣe dínà mọ́ sísọ ìwé di Braille fún afọ́jú. Ṣùgbọ́n òfin lè ṣí ilẹ̀kùn. Kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àwọn tí ó mọ èdè ni èyíinì.

Nígbà tí àwọn ìjọ CMS pàdé ní Èkó ní 1875, tí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966, tí a sì fi àṣẹ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, ìwé tí ojú ń kà ni wọ́n ń tún ṣe. Ó ku ìwé tí ìka ń kà àti èyí tí etí ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe èyí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn olójú nìkan. Àwọn tí ó ń fi ìka kàwé ni kí ó sọ èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta ìṣáájú ni ó yá wọn lára, nítorí pé ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Bákan náà ni kí àwọn adití wà níwájú nígbà tí a bá ń gba àmì ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Ní ti àwa yòókù, ohun tí a lè ṣe kò gba ìgbìmọ̀. Kí olùkọ́, akéwì, oníwèé-ìròyìn àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa fi àmì ohùn sí iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa fi ọ̀nà kan náà tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni, tàbí ti ìdánwò. Wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan wà ní òdìkejì tí kò lè méfò.

Yorùbá a máa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, nítorí pé ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti wá, a kì í sì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni òrìṣà tí a ń bọ̀wọ̀ fún, tí a kò bá sọ̀rọ̀ ní èdè baba rẹ̀, àlejò ni a fi ṣe nínú ilé ara rẹ̀. Èdè kì í pé lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà á ni ó ti ń pé.